Bí omi yàrá ẹja yín ṣe lè máa pààrọ̀ ara rẹ̀ láìdúró de iná

Lóru ọjọ́ kan nínú àwẹ̀ Ramadan, mo dìde láti jẹ sààrì. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá tí mo ti ń tọ́ ọmọ ẹja nínú ilé wa ní Gáà Àkàǹbí, Ìlọrin, omi tutù sì bo ẹsẹ̀ mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ ẹja àrọ̀ tí wọ́n ti tó ìka ọwọ́ ń ta pàtì-pàtì lábẹ́ àpò oúnjẹ wọn, àwọn kan sì ti gbẹ mọ́ sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ oníná tí mo fi ń dá omi wọlé kò bàjẹ́ o. Àsìkò tí mo dá fún un gan-an ló ṣí omi. Ibi tó yẹ kí omi gbà jáde ló dí, torí àjẹkù oúnjẹ ti lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì tí mo fi bo ẹnu páìpù kékeré tí mo fi ṣe ọ̀nà àbájáde.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá bi mí bí òun ṣe lè jẹ́ kí omi ẹja òun máa pààrọ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kó lọ ṣe ọ̀nà tí omi máa gbà jáde ná. Kó ṣe é kó fẹ̀, kó dán an wò, kó tó dárúkọ ọ̀nà tó máa gbà wọlé rárá. Bí mo ṣe to ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn.

Ẹni tó ní agbada mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú yàrá kan tàbí lábẹ́ páánù ẹ̀yìnkùlé ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ó lè jẹ́ táǹkì oníkéèjì (oníke tí irin yí ká) tí wọ́n gé sí méjì, ó lè jẹ́ ọpọ́n ràbàtà tó gba 250 lítà. Ó lè jẹ́ ẹja àrọ̀ lẹ ń tọ́, tàbí ẹ̀pìyà, tàbí ẹja ẹlẹ́wà tí a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ní Ìlọrin níbí, bọ́ọ̀hóòlù tàbí kànga ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, táǹkì wà lórí ìdúró, iná sì ń wá nígbà tó bá wù ú. Nítorí náà, mi ò fi iná sí ibi tí omi ti ń kán sí agbada rárá. Omi máa ń wá ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì ní kí ẹ ra káàdì.

Ìdí tí omi fi gbọ́dọ̀ máa yí

Ibi tí ẹja ti ń jẹun náà ló ti ń yàgbẹ́. Oúnjẹ ẹja kún fún èròjà amúaradàgbà (purotéènì), ara ẹja kò sì lè lo gbogbo rẹ̀. Èyí tó kù máa ń gba ẹ̀yà tó fi ń mí jáde gẹ́gẹ́ bí amóníà. Tí ẹ bá fún ẹja ní kílò oúnjẹ 1, ẹ máa ka nǹkan bíi gíráàmù 30 amóníà sínú omi yẹn. Bí omi bá ṣe gbóná sí, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan) sì ga sí, bẹ́ẹ̀ ni oró rẹ̀ ṣe ń le sí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹja àrọ̀ kò bìkítà fún omi ìdọ̀tí, torí pé ó lè yọrí sókè mí afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni pé ó ń mí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó mí kò fọ amóníà kúrò lára rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò tilẹ̀ tíì lè mí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn ni omi búburú ń kọ́kọ́ pa, tí a ó sì máa sọ pé irú tí a rà ni kò dára.

Ẹni tó ń fi garawa pààrọ̀ omi lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta ń fi ìyà méjì jẹ ẹja: ọjọ́ mẹ́ta nínú ẹ̀gbin, lẹ́yìn náà omi tuntun tí ooru rẹ̀ yàtọ̀ ya dé lójijì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn omi tó ń sun díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Àmọ́ ìṣirò kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká mọ̀. Tí ẹ bá da ìdajì omi nù, tí ẹ sì fi tuntun dípò, ìdajì gan-an lẹ pààrọ̀. Omi tó ń sun kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé tuntun máa ń pò mọ́ èyí tó wà níbẹ̀ kó tó jáde, apá kan tuntun náà á sì bá a jáde. Tí iye omi tó sun wọlé lọ́jọ́ kan bá jẹ́ ìdajì agbada, nǹkan bíi ìdá 39 nínú 100 omi àtijọ́ ló máa ti lọ. Tó bá jẹ́ odindi agbada, ìdá 63 ni. Tó bá jẹ́ agbada méjì, ìdá 86. Fún ọmọ ẹja àrọ̀ tó ń jẹun dáadáa, odindi agbada kan lójúmọ́ ni mo máa ń ṣe. Fún ẹja ẹlẹ́wà mélòó kan nínú agbada ńlá, ìdámẹ́rin agbada ti tó.

Ọ̀nà àbájáde

Ẹ gbé agbada sórí búlọ́ọ̀kù kí páìpù lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ agbada, kí ẹ fi báàkì-nọ́ọ̀tì (ọrùn tó ń so páìpù mọ́ ara táǹkì) oní-ínṣì 2 dè é, pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ nínú àti lóde. Ẹ fi ọwọ́ fún un kó le dáadáa. Ẹ má fi ipá fún un títí tí rọ́bà á fi yọ ahọ́n síta, ibẹ̀ gan-an ló máa ń jò.

Nínú agbada, ẹ fi páìpù ínṣì 2 dúró sínú báàkì-nọ́ọ̀tì náà láìfi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Orí páìpù yìí ló ń sọ ibi tí omi máa ga dé. Tí agbada bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 80, ẹ gé páìpù kí orí rẹ̀ wà ní 60. Torí pé ẹ kò lẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbẹ agbada, ẹ kàn fà á yọ ni.

Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi orí nìkan ni yóò máa jáde. Omi orí ló mọ́ jù. Ìsàlẹ̀ ni ìgbẹ́ àti àjẹkù máa ń rọ̀ sí. Nítorí náà, ẹ wá páìpù ínṣì 4, kí ẹ fi wọ èyí àkọ́kọ́ bí ẹ̀wù. Ẹ fi ayùn irin gé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ yí ìdí ẹ̀wù yìí ká. Omi á gba ojú ìlà wọ̀nyẹn wọlé láti ìsàlẹ̀, á gòkè láàárín páìpù méjèèjì, á sì ṣubú sínú èyí tó wà láàárín. Ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bá a lọ.

Ojú ibi tí ayùn irin gé máa ń fẹ̀ tó mílímítà 1, ọmọ ẹja tó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ gé e kó pọ̀. Èmi máa ń gé tó 40, mo sì máa ń gbé e gòkè títí dé ìdámẹ́ta gíga ẹ̀wù náà, torí tí ti ìsàlẹ̀ bá dí, ti òkè á ṣì máa gba omi. Nẹ́ẹ̀tì kékeré kan ṣoṣo ni mo gbẹ́kẹ̀ lé nígbà yẹn, òun ló sì kó mi sí wàhálà. Tí ẹja bá ti tó ìka ọwọ́, ẹ ṣe ẹ̀wù mìíràn tí ihò rẹ̀ tó mílímítà 5, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tó kù níbẹ̀ lẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò: gíga ẹ̀wù náà. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ ga ju omi lọ ní sẹ̀ǹtímítà 8 tàbí 10, ṣùgbọ́n kó rẹlẹ̀ ju etí agbada lọ dáadáa. Tí gbogbo ojú ìlà bá wá dí pátápátá lóru, omi á ga díẹ̀ nínú agbada, á gba orí ẹ̀wù ṣàn sínú páìpù, á sì jáde. Ẹja kan tàbí méjì lè bá a lọ. Ẹ so agbọ̀n oníhò mọ́ ẹnu páìpù níta, yóò mú wọn. Ilẹ̀ yàrá kò ní mu omi.

Lábẹ́ agbada, ẹ fi ẹ́bò (páìpù tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́) gbé omi lọ sínú páìpù ínṣì 4 tó gba ìdí ògiri kọjá. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Tí pọ́ńbà bá ní òun lè fi ínṣì 1 ṣe é kí owó lè dín, ẹ má gbà.

Ibi tí omi ẹ̀gbin ń lọ

Agbada mẹ́rin oní-250 lítà lè tú tó 1,000 lítà jáde lójúmọ́. Kòtò ṣáláńgá kò lè gbà á, gọ́tà iwájú ilé aládùúgbò kọ́ ló sì yẹ kó lọ, torí ìjà ló máa dá sílẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni tèmi ń lọ bá. Mo la ojú ọ̀nà kéékèèké láàárín ebè, mo sì máa ń yí ẹnu páìpù sí ebè mìíràn lọ́jọ́ méjì méjì. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kejì, tí gbogbo àdúgbò ti gbẹ fọ́nrán, ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ṣì máa ń dú mìnìjọ̀. Nígbà òjò, ilẹ̀ kì í tètè fa omi, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé.

Omi tó ń wọlé

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tí ẹ ní. Omi bọ́ọ̀hóòlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú àpáta máa ń ṣàìní afẹ́fẹ́ tó, òmíràn sì ní irin nínú. Ẹ pọn ún sínú garawa funfun, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá rí nǹkan pupa bí ìpẹtà nísàlẹ̀, irin ni, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí. Oògùn rẹ̀ kò ju kí omi rí afẹ́fẹ́ dáadáa lọ. Ẹ lu ihò kéékèèké sára páìpù tó ń da omi sínú táǹkì òkè, kó máa rọ̀ bí òjò dípò kó máa dà gbọ̀ọ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn níbẹ̀ kí irin rọlẹ̀, kí ẹ sì mú omi láti ibi tó ga ju ìdí táǹkì lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15.

Omi ẹ̀rọ ìjọba, irú èyí tí wọ́n ń fà láti ìsédò Asà, ní kiloríìnì nínú, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi. Ó dára fún ènìyàn, àmọ́ ó ń bó ara ẹja. Ẹ má so ó mọ́ agbada tààrà láéláé. Ẹ jẹ́ kó wà nínú táǹkì tí ẹnu rẹ̀ ń gba atẹ́gùn fún odindi ọjọ́ kan kó tó kan ẹja, tó túmọ̀ sí pé ẹ nílò táǹkì méjì, kí ọ̀kan máa sinmi nígbà tí a bá ń lo èkejì.

Fún agbada mẹ́rin tí mo fi ń ṣàpẹẹrẹ, táǹkì 2,000 lítà yóò gbé yín fún bí ọjọ́ méjì láìsí iná. Ní ti ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ jẹ́ kí oníná so fúlótà (ohun tó ń léfòó lórí omi) oníná méjì mọ́ ọn: ọ̀kan nínú táǹkì tó máa pa á tó bá kún, èkejì nínú kànga tó máa pa á tí omi bá lọ sílẹ̀, kó má baà jó. Tí iná bá wá dé ní aago 2 òru, yóò fa omi fúnra rẹ̀, ẹ̀yin á sì máa sùn.

Garawa àárín, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò dá

Àwọn kan máa ń fa páìpù láti táǹkì òkè tààrà sí agbada, wọ́n á wá ṣí ẹ̀rọ díẹ̀. Lówùúrọ̀ tí táǹkì kún, omi ń dà. Ní alẹ́ tó ti fẹ́ gbẹ, ó ń kán tó-tó-tó. Bí omi ṣe ga sí lókè ihò ló ń pinnu bó ṣe máa tú sí. Tí gíga yẹn bá lọ sílẹ̀ di ìdámẹ́rin, omi tó ń jáde á di ìdajì. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ tí a ṣí fẹ́rẹ́gẹ́ máa ń tètè dí.

Ẹ gbé garawa ọ̀dà oní-lítà 20 tó ní ìdérí sórí pákó tí ẹ kàn mọ́ ògiri yàrá ẹja. Ẹ fi fúlótà sí i, irú èyí tó wà nínú táǹkì ṣáláńgá olómi, ẹ ó rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páìpù. Táǹkì òkè á máa bọ́ garawa, fúlótà á sì máa dá omi dúró síbi kan náà. Yálà táǹkì kún ni o, yálà ó ku ìdajì ni o, omi inú garawa kò ní yí gíga padà.

Láti ìdí garawa, ẹ fa páìpù ínṣì 1 gba orí gbogbo agbada kọjá, kó tẹ́ gbọọrọ. Lókè agbada kọ̀ọ̀kan, ẹ fi tíì (páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta) yọ ìdajì ínṣì sílẹ̀, kí ẹ fi ìdérí páìpù dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi dírílì lu ihò kan ṣoṣo sí i. Tí omi garawa bá ga ju ihò náà lọ ní ìdajì mítà, ihò mílímítà 1.5 máa ń tú nǹkan bíi mílílítà 200 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bíi lítà 285 lójúmọ́. Mílímítà 2 máa tú bíi 350 ní ìṣẹ́jú kan, tó tó lítà 500 lójúmọ́. Nítorí náà, 1.5 ló bá agbada 250 lítà mu, 2 ló bá agbada 500 lítà mu. Tí ihò gbogbo bá dọ́gba, tí wọ́n sì wà ní gíga kan náà, agbada kan kò ní gba ju èkejì lọ. Ẹ má fi ìṣó gbígbóná lu ú, ihò rẹ̀ kì í dọ́gba.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ike omi 50cl tó ṣófo, kí ẹ gbé e sábẹ́ ihò, kí ẹ wo aago. Fún mílímítà 1.5, ó yẹ kó kún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 àbọ̀. Tó bá pẹ́ jù, ẹ gbé garawa ga díẹ̀. Tó bá yá jù, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ihò wà lókè omi, kí àlàfo wà láàárín wọn, kí omi ẹja má baà fà padà sínú páìpù. Kí omi tuntun sì máa bọ́ sí apá kan agbada, kí ẹ̀wù àbájáde wà ní apá kejì. Tí wọ́n bá sún mọ́ ara wọn, omi tuntun á kàn gba ibẹ̀ jáde, ògbólógbòó á sì jókòó síbi tó wà. Ẹ fi tìmùtìmù rírọ̀ (fóòmù) dí ẹnu páìpù nínú garawa, kó máa gba eruku.

Ọyẹ́ àti ooru

Nígbà ọyẹ́, omi táǹkì òkè máa ń tutù gan-an lówùúrọ̀, ọmọ ẹja àrọ̀ sì fẹ́ràn omi tó wà láàárín 26 sí 30 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Àǹfààní omi tó ń sun hàn níbẹ̀: nínú wákàtí kan, lítà 12 péré ló ń wọ agbada 250 lítà, kò tó láti gbọ̀n ẹja jìgìjìgì. Ẹ ṣáà ti fèrèsé yàrá ní alẹ́.

Ooru oṣù kẹta ló ń dẹ́rù bà mí jù. Páìpù tó gba ara ògiri tí oòrùn ń pa máa ń gbóná débi pé omi tó wà nínú rẹ̀ lè jó ọwọ́. Ẹ gbé e gba abẹ́ òrùlé tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀, kí ẹ sì ta páánù tàbí ewé ọ̀pẹ lé orí táǹkì òkè.

Ìtọ́jú rẹ̀

Láràárọ̀, kí ẹ tó fún ẹja lóúnjẹ, ẹ wo ihò kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń sun. Abẹ́rẹ́ kan máa ń wà lára ògiri yàrá tèmi tí mo fi ń la èyí tó bá dí. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ẹ̀wù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ojú ìlà rẹ̀, kí ẹ fọ tìmùtìmù inú garawa, kí ẹ sì tún fi ike wọ̀n bí omi ṣe ń sun. Ìgbà tí ẹ bá yọ ẹ̀wù, ẹ fi agbọ̀n bo orí páìpù àárín. Ọjọ́ tí ẹ bá fi iyọ̀ tàbí oògùn sínú omi, ẹ pa omi tó ń wọlé ní agbada yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀fọ́ lẹ ń fún lóògùn. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé ẹ ti pa á, kí ẹ má baà gbàgbé láti ṣí i.

Kí ẹja kankan tó wọ ibẹ̀, ẹ fi ọjọ́ kan dán gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí omi kún, kó sì máa sun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rá wé ìdí ẹ̀wù kan kí gbogbo ojú ìlà rẹ̀ dí pátápátá, kí ẹ yọ ìdérí oníhò, kí omi máa dà wọ agbada yẹn bó ṣe lè dà tó. Ẹ jókòó tì í. Omi á ga, á dé orí ẹ̀wù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú sínú páìpù pẹ̀lú ariwo. Tó bá dúró síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí láìkan etí agbada, ẹ tú ọ̀rá náà, ẹ dá ìdérí padà, kí ẹ sì lọ gbé ọmọ ẹja yín wá.